Apá Tí Ọdẹ́ríndé Fi Awọ Dè

Ẹ súnmọ́ mi dáadáa. Ẹni tí ikọ́ ń ṣe kó yáa wú u tán báyìí, nítorí n kì í dúró de ikọ́ ẹnikẹ́ni bí ìtàn bá ti kúrò lẹ́nu mi. Gbogbo yín lẹ mọ̀ mí. Ẹ mọ̀ pé èmi yìí ti bá ẹfọ̀n wọ̀yá ìjà nínú ẹrẹ̀, mo sì ti fi ìdí ìbọn lásán lé ẹkùn kúrò nídìí ẹran mi. Bí ẹnì kan bá wà níbí tó rò pé irọ́ ni, kó dìde kí n rí ojú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó dìde. Ó dára bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìtàn tòní kì í ṣe tèmi. Ti Ọdẹ́ríndé ni, ọdẹ tó ju gbogbo àwa tí a jókòó síhìn-ín lọ, ìtàn ẹ̀rù sì ni. Àwọn ọdẹ kì í fẹ́ sọ ọ́ níta, nítorí pé ọdẹ sunkún nínú rẹ̀. Èmi ó sọ ọ́, kí ẹni tó bá fẹ́ bínú máa bínú.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọdẹ́ríndé bí, Ìbídùn lorúkọ rẹ̀. Ìyá ọmọ náà kú lórí ìkúnlẹ̀, baba ló sì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ wẹ̀ ẹ́, tó ń pọ̀n ọ́n lọ sínú igbó pẹ̀lú ìbọn léjìká. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú wọn. Nígbà tí Ìbídùn ti di wúńdíá, ó ń sá ẹ̀gẹ́ lórí àpáta ẹ̀yìn ilé lọ́sàn-án gangan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ni ààjà bá dé. Ẹ mọ ààjà, ìjì tó ń yí bírí tó ń gbé ènìyàn lọ. Ó gbé ẹ̀gẹ́, ó gbé ẹní, ó gbé ọmọ. Àwọn tó wà nítòsí rí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ lókè orí ìrókò, lẹ́yìn náà wọn kò rí nǹkan mọ́.

Ìyá àgbà ilé wọn pe Ọdẹ́ríndé sí kọ̀rọ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, fara balẹ̀ gbọ́. Òkè Àìgùn ni ààjà ń kó àwọn tó bá gbé lọ, àpáta tó dá dúró láàárín òfuurufú, tí kò fẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀ sí ẹni tó wà níbẹ̀ lórí, tí ẹni tó bí i kò tíì fi ẹnu ara rẹ̀ pe oríkì rẹ̀ sí i létí, ó parí nìyẹn. Yóò máa wò ọ́, kò ní mọ̀ ọ́."

Ọdẹ́ríndé wo ojú ọ̀run. Ọyẹ́ ti lọ, ooru ti mú, ìkùukùu funfun ti ń kóra jọ lẹ́bàá òkè. Ó gbé ìbọn, ó so àdá mọ́dìí, ó wọ ẹ̀wù ọdẹ tí oògùn bò láti ọrùn dé ìdí, ó ká awọ ẹtu sínú àpò, ó sì wọ igbó lọ.

Ẹ má bi mí léèrè ọ̀nà o. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ sọnù kì í dúró ka igi. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ó dé Igbó Ìwọ̀n, níbi tí àwọn iwin kì í ti í sọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ béèrè ọ̀rọ̀. Ọ̀kan jókòó sẹ́nu ibodè. Orí rẹ̀ kéré bí ẹyin àparò, ìdí rẹ̀ sì tẹ́ bí ọlọ. Nídìí rẹ̀ ni egungun ènìyàn wà, gbogbo wọn ló rí pẹlẹbẹ, bí ẹni pé wọ́n lọ̀ wọ́n ni.

Iwin náà ní, "Yí-Kí-O-Rí-Mi lorúkọ mi. Dá mi lóhùn kí n tó jókòó lé ọ láyà. Ẹrù wo ni ẹnikẹ́ni kò gbé rù ọ́, tó jẹ́ pé bí o bá ń lọ tààrà kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí o bá yà, ó ti dé?"

Ọdẹ́ríndé pe ọfọ̀ kan tí baba rẹ̀ kọ́ ọ, iwin kò mira. Ó pe èkejì, iwin bẹ̀rẹ̀ sí í dìde. Ìbẹ̀rù ló gbé ọkàn ọdẹ náà padà sí ìgbà èwe, nígbà tí wọ́n fi í ṣọ́ oko bàbà, tó ń fi kànnàkànnà lé ẹyẹ. Ó pariwo pé, "Òkúta inú kànnàkànnà ni! Bó bá wà nílẹ̀, kò wúwo ju ẹyin adìẹ lọ. Bí mo bá ń fì í yí orí ká, okùn a fẹ́rẹ̀ẹ́ já mi ní ìka. Òkúta kò tóbi sí i. Yíyí ló bí ẹrù."

Iwin bú sẹ́rìn-ín, ó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Ẹnu rẹ ti mọ̀ ọ́n. Ara rẹ kò tíì mọ̀ ọ́n. Máa lọ."

Òdì kejì igbó náà ni ìlú kan wà tí wọ́n ń pè ní Fọ́ọwò. Kí Ọdẹ́ríndé tó rí ilé ló ti ń gbọ́ ìró: nǹkan a ké fín-ín, a dákẹ́, a sì dún gbàù! Lẹ́yìn náà ni àwọn ènìyàn a hó yèè. Ó dá a lójú pé egungun ènìyàn ni wọ́n ń ṣẹ́ níbẹ̀. Ó fẹ́ sá padà. Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín yẹn, ẹ̀yin ì bá ti sá tipẹ́. Ó rántí ọmọ rẹ̀, ó sì wọlé.

Apá ni wọ́n ń ṣẹ́ níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti ènìyàn. Apá bàálù ni, ọkọ̀ òfuurufú tí ẹ̀ ń rí lókè lónìí tí ẹ ń na ìka sí. Àwọn ará ibẹ̀ ń ṣe é kí baba ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ rẹ̀ láyé. Wọ́n gbé apá kan tó gùn bí igi àràbà tó wó kọ́ orí òpó, wọ́n ń kó àpò iyanrìn lé e. Apá tẹ̀, wọ́n kó sí i. Ó tẹ̀ sí i, wọ́n tún kó sí i, títí ó fi ké, tó sì ṣẹ́ gbàù. Ni wọ́n bá hó.

Obìnrin tó jẹ́ olórí wọn, Fọ́ọ-Kí-N-Mọ̀, ló wá pàdé rẹ̀. Ó ní, "Ẹ kú ìrìn, bàbá ọdẹ. Kí ló dé tí ojú yín rí báyìí?"

Ọdẹ́ríndé ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò sí nǹkan? Ohun tí ẹ fi ọwọ́ ara yín ṣe, ẹ̀yin náà lẹ tún ń fọ́ ọ?"

"Bí a kò bá fọ́ ọ̀kan nílẹ̀, báwo la ó ṣe mọ ibi tí èyí tó ń fò yóò dé kó tó fọ́? Gbogbo apá ló ní ìwọ̀n. Bí ẹrù bá mọ níbi ìwọ̀n, apá yóò tẹ̀, yóò sì padà sípò. Bó bá kọjá ìwọ̀n, kò gbọdọ̀ tíì ṣẹ́. A ti fi ìdajì kún un fún ọjọ́ burúkú. Ṣùgbọ́n èyí tó bá ti kọjá ìwọ̀n rí, ẹ má fọkàn tán an mọ́. Ó ti fara gbọgbẹ́."

Ọdẹ́ríndé sọ ohun tó gbé e dé ibẹ̀. Wọ́n ṣàánú rẹ̀, wọ́n ní awakọ̀ wọn yóò gbé e dé Òkè Àìgùn. Rọra lorúkọ awakọ̀ náà, obìnrin àgbà kan tó ń jẹ obì bí ẹni tí obì náà kò gbọdọ̀ tán. Wọ́n mú Ọdẹ́ríndé lọ síbi tí bàálù wà. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ fẹ́, apá méjèèjì sì ń jù fẹ̀lẹ̀fẹ̀lẹ̀, wọ́n ń lọ sókè, wọ́n ń bọ̀ nílẹ̀. Ọdẹ́ríndé bi ara rẹ̀ pé ṣé lórí ohun tó ń gbọ̀n bí aláìsàn yìí ni òun yóò gbé ẹ̀mí òun lé.

Nísinsìnyí, ẹ̀yin ọdẹ, mo bẹ̀ yín, ẹ sọ òótọ́. Bí ìdí ìbọn yín bá sán, kí lẹ fi ń dè é? Awọ tútù ni. Ẹ ó rẹ ẹ́ sómi, ẹ ó wé e, ẹ ó sá a sóòrùn, yóò gbẹ, yóò fún pinpin, ìbọn yóò sì le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ohun tí Ọdẹ́ríndé ṣe nìyẹn. Nígbà tí wọ́n lọ jẹun, ó rẹ awọ ẹtu rẹ̀ sómi, ó là á sí ọ̀já, ó sì fi so apá òsì mọ́ ara bàálù kó má baà mì mọ́. Awọ kò tó fún apá ọ̀tún. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí kò fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ọdẹ ń bẹ̀rù. Nígbà tí oòrùn gbẹ awọ náà tán, apá òsì dúró gbagidi, inú rẹ̀ sì dùn sí i.

Wọ́n gbéra. Rọra fi ọ̀já de Ọdẹ́ríndé mọ́ àga, bàálù sáré lórí pápá, ilẹ̀ sì já wọn sílẹ̀. Igi di koríko, odò di okùn. Ọdẹ́ríndé di ojú, ó ń pe orúkọ gbogbo òkú ilé wọn.

Kò pẹ́ tí ìkùukùu dúdú kan fi yọ níwájú, Rọra sì ya bàálù kúrò lọ́nà rẹ̀ lójijì, apá kan kọjú sílẹ̀, èkejì kọjú sọ́run. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ọdẹ́ríndé wọ́ sọ́dọ̀ àgbọ̀n. Ó fẹ́ gbé ọwọ́, ọwọ́ kọ̀. Ìbọn tó wà lórí itan rẹ̀ di òpó ilé.

Ó ké pé, "Ìyá! Iwin ẹnu ibodè ti wọlé! Ó ti jókòó lé mi láyà!"

Rọra ní, "Kì í ṣe iwin, yíyà tí mo yà ni. Ẹ̀yin ti di ẹni méjì báyìí, ìbọn yín ti di méjì, bàálù fúnra rẹ̀ ti di méjì, apá wọ̀nyí náà ló sì ń ru gbogbo rẹ̀. Bí mo bá fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ jù báyìí lọ, a ó di mẹ́ta, a ó di mẹ́rin. Ìdí nìyẹn tí n kì í fi í yà bẹ́ẹ̀ bí kò bá pọn dandan."

Ó mú bàálù dúró déédéé padà, ẹrù náà sì kúrò láyà ọkùnrin náà bí ìgbà tí ènìyàn dìde lára ẹni. Ṣùgbọ́n nígbà tó lajú, ohun tó rí burú ju iwin lọ. Òjò ni. Ó dúró bí ògiri láti ilẹ̀ dé ọ̀run, mànàmáná ń là nínú rẹ̀, ó sì ń rìn lọ síbi tí Òkè Àìgùn wà lọ́ọ̀ọ́kán, dúdú, kékeré, láàárín òfuurufú.

"Ẹ sá, Ìyá!" ni Ọdẹ́ríndé ń wí. "Ẹ dákun, ẹ sá eré kí òjò tó ṣáájú wa débẹ̀! Ọmọ mi!"

Wọ́n wọ agbègbè àwọn ọmọ Ìjì. Ìbejì ni wọ́n, ẹ̀yin ènìyàn mi. Agbésókè ń gbá bàálù láti ìsàlẹ̀, Afàsílẹ̀ ń já a lulẹ̀ láti òkè, wọn kò sì fún un láyè kó mí. Bí Agbésókè bá gbá a, orí Ọdẹ́ríndé a wọ̀ sínú èjìká. Bí Afàsílẹ̀ bá já a, ìfun rẹ̀ a fò sọ́fun, oògùn ara ẹ̀wù rẹ̀ a máa léfòó níwájú rẹ̀. Ohùn kan sì ń bú nínú ìkùukùu pé, "Ṣé sísá lẹ fẹ́ sá, tàbí dídé lẹ fẹ́ dé?"

Dípò kí Rọra sáré, ńṣe ló dín eré kù.

Ọdẹ́ríndé bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mo ti sọ fún yín pé ọdẹ sunkún níbẹ̀. Ó ní, "Ẹ ò rí òjò ni? Ẹ̀yin kò bímọ ni?"

Rọra kò wo ẹ̀yìn. "Mo bímọ, bàbá ọdẹ. Bí ẹ bá ru ẹran sórí tí ẹ ń rìn jẹ́jẹ́, tí ẹsẹ̀ yín kọ gbòǹgbò, kí ló ń ṣẹlẹ̀? Ẹ ó ta gọ́ọ́gọ̀ọ́. Bí ẹ bá ń sáré ńkọ́?"

"Ọrùn á ṣẹ́."

"Bí a bá ń rọra lọ, tí Agbésókè bá gbá wa ju agbára apá lọ, apá yóò jọ̀wọ́ afẹ́fẹ́, a ó jábọ́ díẹ̀, a ó sì tún gba ara wa. Bí a bá ń sáré, kò ní jọ̀wọ́ rẹ̀. Yóò gbá a mú títí yóò fi ṣẹ́. Ẹkún yín kò lè yí ìyẹn padà. Ẹ jẹ́ kí n ríran."

Ọ̀rọ̀ náà kò tíì kúrò lẹ́nu rẹ̀ tí apá òsì fi ké fín-ín. Ọdẹ́ríndé mọ igbe náà. Ó ti gbọ́ ọ ní Fọ́ọwò, ó sì mọ ohun tó ń tẹ̀lé e. Rọra wo ọ̀tún, apá ọ̀tún ń tẹ̀, ó ń padà. Ó wo òsì, apá òsì kò mira, ara rẹ̀ sì ti ń rún jọ níbi kan.

"Ta ló so apá mi?"

Ọdẹ́ríndé kò lè gbé ojú sókè. "Èmi ni, Ìyá. Ó ń mì. Mo ní kó lè le ni."

"Yéè! Títẹ̀ tó ń tẹ̀ ló fi ń pín ẹrù náà káàkiri ara rẹ̀! Ẹ ti ní kí ojú kan ṣoṣo ru gbogbo rẹ̀!" Ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò lórí ohun tó fi ń darí bàálù. "N kò lè kúrò níhìn-ín. Ẹ̀yin lẹ dè é, ẹ̀yin lẹ ó lọ tú u."

Ẹ̀yin èèyàn, ẹkùn kì í ṣe ẹ̀rù. Ẹfọ̀n kì í ṣe ẹ̀rù. Ẹ̀rù ni pé kí ènìyàn ṣílẹ̀kùn kó má rí ilẹ̀ níta. Ọdẹ́ríndé so okùn mọ́dìí, ó mú àdá, ó fi ikùn wọ́ bí alángbá jáde sórí apá náà. Afẹ́fẹ́ ya ẹ̀wù mọ́ ọn lára. Ìtọ̀ bọ́ lára rẹ̀, kò sì mọ̀. Rọra dín eré kù títí bàálù fi ń gbọ̀n pé òun fẹ́ jábọ́, kò yà sọ́tùn-ún, kò yà sósì, kí ẹrù kankan má baà kún ti àtẹ̀yìnwá. Agbésókè gbá wọn, Ọdẹ́ríndé lẹ̀ mọ́ apá bí ẹni tí òkúta lé lẹ́yìn. Afàsílẹ̀ já wọn, gbogbo ara rẹ̀ sì kúrò lórí apá, okùn nìkan ló dì í mú. Ó ń ké pe ìyá rẹ̀. Nígbà tó tún balẹ̀ lé e, ó fi àdá sí ọ̀já awọ, ó rẹ́ ẹ, ó rẹ́ ẹ, ìkẹyìn já pàù, apá òsì sì gbé ara sókè, ó tẹ̀, ó padà, ó tún tẹ̀.

Nígbà tó wọ́ padà wọlé, Rọra ti wo ibi tó rún náà dáadáa. Ó ní, "Ó ti kọjá ìwọ̀n. Kò ṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ti fara gbọgbẹ́. Ohunkóhun tó bá wúwo níbí, ẹ dà á nù."

Ọdẹ́ríndé ju ìbọn baba rẹ̀ sílẹ̀. Ó ju àdá. Ó bọ́ ẹ̀wù ọdẹ, pẹ̀lú gbogbo oògùn tó fi gbogbo ayé rẹ̀ kó jọ, ó jù ú sínú ìkùukùu, ó ku ṣòkòtò nìkan.

Rọra kò lè yà kíákíá mọ́. Ó ń yí Òkè Àìgùn ká láti òkèèrè, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó gbé ẹyin, òjò sì ń bọ̀ láti òdì kejì. Ọdẹ́ríndé bu ète jẹ títí ẹ̀jẹ̀ fi yọ. Bàálù fẹsẹ̀ kan àpáta. Ìbídùn jókòó ní ìpẹ̀kun rẹ̀, ó kọjú sí òjò, ojú rẹ̀ ti ń ṣófo. Baba rẹ̀ sáré débẹ̀, ó fi ẹnu sí i létí.

"Àwẹ̀ró! Àwẹ̀ró ọmọ Ọdẹ́ríndé! Ọmọ a-rìn-lórí-ewé-gbígbẹ-ewé-ò-dún! Ọmọ tí mo fi ẹ̀yìn ọdẹ pọ̀n! Àwẹ̀ró, èmi ni!"

Ó yíjú. Ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ló ní, "Bàbá, ẹ̀wù yín dà?" Wọ́n di mọ́ ara wọn, ẹ̀kán òjò kìíní sì bọ́ sórí àpáta lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó tóbi bí owó ẹyọ.

Rọra fa Ọdẹ́ríndé sẹ́yìn. "Bàbá ọdẹ, apá yẹn yóò gbé èmi àti ẹnì kan la àwọn ìbejì yẹn kọjá. Bí a bá jẹ́ mẹ́ta, tí wọ́n sì sọ wá di mẹ́fà, yóò ṣẹ́. Bí mo bá rí apá tuntun, mo ń padà bọ̀ wá mú ẹni tó bá kù."

Ọdẹ́ríndé wo òjò náà. Baba rẹ̀ ti kú, ìyá rẹ̀ ti kú. Kò sí ẹni tó bí i láyé mọ́ tó lè wá pe oríkì rẹ̀. Ó gbé ọmọ rẹ̀ wọ inú bàálù, ó sì ń dè é mọ́ àga.

"Bàbá, ẹ̀yin ńkọ́?"

"Mò ń bọ̀ lẹ́yìn."

"Ṣé ẹ̀rù ń bà yín ni?"

Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí i. Ó ní, "Ẹ̀rù ń bà mí gan-an, ọmọ mi. Jókòó jẹ́jẹ́." Ó sì tìlẹ̀kùn.

Ìbídùn ni ìyá tó bí mi. Lẹ́nu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ, lẹ́nu Rọra ló sì ti gbọ́ ìyókù. Nígbà tí wọ́n ṣe apá tuntun tán, Rọra padà lọ sí Òkè Àìgùn. Ó bá ọkùnrin kan níbẹ̀ tó jókòó láìwọ ẹ̀wù, tí ara rẹ̀ le koko. Ó kí i, ọkùnrin náà sì dá a lóhùn dáadáa. Rọra ní Ìbídùn ń retí rẹ̀ nílé. Ọkùnrin náà ronú títí, ó ní òun kò mọ ẹnì kan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Rọra bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣáà wọlé kí wọ́n máa lọ. Ọkùnrin náà wo apá bàálù bó ti ń mì nínú afẹ́fẹ́, ó sún sẹ́yìn, ó ní ẹ̀rù rẹ̀ ń ba òun.